Ọ̀nà Irin Tí Irin Kò Dé

Ìlú wa ti ní ọ̀nà rélùwéè kí ó tó ní omi ẹ̀rọ. Kí ẹ má baà rò pé mò ń fọ́nnu, ọ̀nà náà nìkan la ní. Kò sí irin lórí rẹ̀, kò sí ọkọ̀, kò sì sí ẹnì kan láti Àrámọkọ títí dé Ẹ̀fọ̀n tó lè sọ ibi tí ọkọ̀ náà yóò ti wá tàbí ibi tí yóò máa lọ.

Olóṣèlú kan ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ní ọdún mélòó kan ṣáájú òmìnira. Ó gun orí àpótí lọ́jà, ó ní bí a bá dìbò fún òun, rélùwéè yóò gba ìlú wa kọjá lọ sí Ìjerò. A dìbò fún un. Lóòótọ́ ló sì gba ìlú wa kọjá lọ sí Ìjerò, òun nìkan, nínú mọ́tò rẹ̀. Kò tilẹ̀ yí gíláàsì wálẹ̀.

Ní ìlú mìíràn, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní bébà tí wọ́n tẹ orúkọ ẹgbẹ́ sí lórí, ẹgbẹ́ tó bá sì ní irú bébà bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kankan parí. Wọ́n ṣèpàdé. Wọ́n ní ohun tó ń dá rélùwéè dúró ni pé a kò tíì ṣe ọ̀nà dè é, pé a kì í pe àlejò kí ilẹ̀ ilé má mọ́. Wọ́n pín iṣẹ́ fún àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Odindi ẹ̀ẹ̀rùn méjì ni àwọn bàbá wa fi gbẹ́ ilẹ̀.

Ẹni tó darí wọn ni ọkùnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè ní Òṣogbo. Ó sọ fún wa pé òun ni ọ̀gá stéṣàn níbẹ̀. Ó pẹ́ kí a tó gbọ́ pé àtùpà ló ń nù, tó sì ń bu epo sí i. Ṣùgbọ́n ó ní fìlà, ó ní fèrè, ó ní àsíá pupa kan àti àsíá aláwọ̀ ewé kan. Ta ló tún ń béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tó ní àsíá méjì? Ọ̀gá Stéṣàn la sọ ọ́.

Ohun kan wà tó mọ̀ lóòótọ́: rélùwéè kì í gun òkè. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ọ̀nà dé ìdí òkè tó wà lẹ́yìn ìlú, àwọn ènìyàn fẹ́ gùn ún tààrà bí ọ̀nà mọ́tò ti ṣe. Ọ̀gá Stéṣàn kọ̀. Ó bu omi sínú ìgò, ó dé e, ó fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ lórí pátákó, ó sì ń tẹjú mọ́ ọn bí ìyá ọmọ. Bí omi náà bá ti sá sí ìdí ìgò, a jẹ́ pé ilẹ̀ tẹ̀ sí apá ibẹ̀, wọn yóò tún un gbẹ́. Báyìí ni ọ̀nà náà ṣe yí òkè po ní ìbàdí, láàárín oko kòkó, tó fi dé abúlé kan ní apá ọ̀nà Èrìjìyàn. Ẹ̀yìn abà iṣu ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló parí sí. Ibẹ̀ ni ó ti rẹ ìlú.

Èmi padà sílé ní bí ọdún mẹ́ta lẹ́yìn òmìnira, pẹ̀lú dìgírì kan àti àpótí ìwé kan. Iléeṣẹ́ ìjọba kan ní Ìbàdàn ló ní kí n lọ dúró de lẹ́tà. Mo jókòó, mo dìde. Mo ṣí ìwé, mo pa á dé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún ilé ìdáná màámi tò títí ó fi lé mi jáde. Àwọn ará àdúgbò ń kí mi pé, "Ọ̀gá, ẹ kú ìsinmi," wọ́n sì ń wo ojú mi bóyá n óò mọ̀ pé wọ́n ń bú mi.

Lójoojúmọ́ ni mo ń gun kẹ̀kẹ́ tí bàbá mi fi sílẹ̀ nígbà tó kú lọ sí pósófíìsì Àrámọkọ. Akọ̀wé ibẹ̀ á ní, "Kò tíì dé, sà." Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó yọ "sà" kúrò níbẹ̀. Bí mo bá padà délé, tí ara mi kò tíì balẹ̀, n óò darí kẹ̀kẹ́ sí ọ̀nà rélùwéè, n óò gùn ún dé òpin, n óò yí padà, n óò tún gùn ún. Mo rò pé èmi nìkan ni mo mọ àǹfààní rẹ̀. Irọ́ ni. Àwọn aláboyún ń gbà á lọ sóko. Àwọn arúgbó ń gbà á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Onígbàjámọ̀ kan wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ. Orí pátákó tó ní táyà kéékèèké mẹ́rin ló ń jókòó sí, tó ń fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ lọ láti fá irun fún àwọn ará abúlé. Kò sí ọ̀nà mìíràn nílùú wa tó lè gba òun. A gbẹ́ ọ̀nà fún ọkọ̀ tó ń rú èéfín, àwọn tí òkè ti ṣẹ́gun ló ń lò ó.

Òkè ti ṣẹ́gun màámi náà. Ní ọdún tó ṣáájú, ó yọ̀ lórí àpáta létí odò, ìbàdí rẹ̀ sì yẹ̀. Baba tó ń to eegun ṣe tirẹ̀, eegun náà sì so, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì kúrú sí ọ̀tún. Láti ìgbà náà kò lè gun òkè mọ́, ọ̀nà rélùwéè tó yí i po sì gùn jù fún ẹsẹ̀ rẹ̀. Òkè ló sì wà láàárín òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyá alábà iṣu tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Òun nìkan ló kù fún màámi lọ́mọ ìyá. Ojú rẹ̀ ti fọ́, kò lè wá. Tẹ́lẹ̀, kò sí ọjọ́ ọjà tí màámi kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ti wá di oṣù mẹ́sàn-án tí wọn kò fojú kan ara wọn. Àwọn tó ń lọ tó ń bọ̀ ló ń jíṣẹ́ fún wọn. Ẹ̀gbọ́n á ránṣẹ́ pé, "Ẹ sọ fún un pé mi ò tíì kú." Màámi á fèsì pé, "Ẹ sọ fún un pé kó má tíì kú."

Mo ní kí n gbé e sórí káríà kẹ̀kẹ́. Ó wò mí bí ẹni tí mo bú.

"Ṣé àpò kòkó ni mí? Ẹsẹ̀ mi ni n óò fi wọ ilé ẹ̀gbọ́n mi. Kò ríran, ìró ẹsẹ̀ mi ló mọ̀. Bí wọ́n bá gbé mi wọlé bí ẹrù, á rò pé òkú mi ni wọ́n gbé wá fún òun."

Báyìí la ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní àárọ̀ kùtùkùtù, màámi á fi ọwọ́ òsì di ìjókòó kẹ̀kẹ́ mú, á fi ọ̀tún mú ọ̀pá, èmi á máa ti kẹ̀kẹ́ náà lọ. Lọ́jọ́ kìíní a dé ìdí igi ìrókò tó wà lẹ́yìn ọjà. Lọ́jọ́ kẹrin a kọjá rẹ̀. Wọ́n ní kò sí ohun tó ń kọ́ ènìyàn ní sùúrù bí i kó máa ti kẹ̀kẹ́ tó yẹ kó gùn. Kò kọ́ mi.

"Ìwọ ọmọ yìí, o ń sá lọ," ni màámi á wí.

"Màámi, mo dúró."

"Ara rẹ dúró. Ìwọ ń sá lọ."

Lẹ́yìn oṣù kan, a ti ń dé ìdajì ọ̀nà. Ìgbà náà ni ìròyìn dé pé wọ́n rí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan ní Ìjerò, tí wọ́n ń yọjú wo ilẹ̀ nínú ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn awọnlẹ̀ ń lò. Ó lè jẹ́ ọ̀nà omi ni wọ́n ń wọ̀n. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kò béèrè. Rélùwéè ti ń bọ̀ nìyẹn. Wọ́n ní kí Ọ̀gá Stéṣàn ri pátákó mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ọjà, kó fi kìlọ̀ pé ojú ọ̀nà rélùwéè nìyí, kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n pátákó náà kúrú, lẹ́tà Ọ̀gá Stéṣàn sì tóbi. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló gbà:

ONA IRIN

Kò sí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀, nítorí ta ló ń fi àmì sí pátákó? Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn tí kò gba ọ̀nà náà rí ń rọ́ lọ síbẹ̀. Wọ́n ní ẹgbẹ́ ti ṣe dáadáa lọ́tẹ̀ yìí, pé wọ́n ti ya ọ̀nà sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ohun tí Ọ̀gá Stéṣàn kọ ni ọ̀nà irin. Ohun tí ìlú kà ni ọ̀nà ìrìn.

Ìdí pátákó yìí ni Ọ̀gá Stéṣàn ti dá èmi àti màámi dúró. Ó wọ fìlà, ó na àsíá pupa.

"Ẹ dúró níbẹ̀, ìyá. Ojú irin nìyí."

Màámi dúró, ó wo ilẹ̀. "Irin dà?"

"Ó ń bọ̀."

"Láti ibo?"

"Láti Òṣogbo."

"Ó ti wá dé ibo báyìí?"

Ọ̀gá Stéṣàn wo ọ̀nà síwá, ó wò ó sẹ́yìn. "Ìyá, ọkọ̀ lè dé nígbàkígbà. Bí ó bá pa yín, èmi ni wọ́n á mú."

"Bí ó bá ń bọ̀ n óò gbọ́ ọ. Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, etí mi kò ṣe nǹkan kan."

Ó fọn fèrè. Ó ní òun yóò fi ẹjọ́ wa sun ẹgbẹ́.

Ìpàdé lórí ẹjọ́ náà wáyé ní ọ̀sán Sátidé, nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan. Mo múra sílẹ̀ bí ẹni tó ń lọ gba dìgírì kejì. Mo sọ̀rọ̀ nípa ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn àárín. Mo ya àwòrán ọ̀nà ọ̀fun sójú pátákó dúdú. Mo tọ́ka sí èrò òyìnbó mẹ́rin. Nígbà tí mo jókòó, ẹnì kan béèrè láti ẹ̀yìn pé, "Ṣé ó ti wọnú ọ̀rọ̀ ni, àbí ó ṣì ń bọ̀?"

Ẹlòmíràn ní, "Ó ń bọ̀. Láti Òṣogbo."

Ọ̀gá Stéṣàn dìde. Ó ní ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ti ṣàlàyé fún òun pé ohùn àárín kì í gba àmì. Kò sí àmì lórí ọ̀rọ̀ náà. A jẹ́ pé irin ni. Àwọn ènìyàn mi orí. Kí n má parọ́, èmi náà mi orí. Òfin ìwé kíkọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ yunifásítì sì wà níbẹ̀ tí kò rántí i.

Màámi kò dìde, nítorí ìbàdí rẹ̀. Kíláàsì ìrìbọmi ló ti kọ́ ìwé kíkà, kò sì lọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó béèrè pé, "Kí lẹ kọ ṣáájú rẹ̀?"

"Ọ̀nà," ni Ọ̀gá Stéṣàn wí.

"Àmì wà lórí ìyẹn?"

"Kò sí."

"Kí wá ni wọ́n ń pè ní ona?"

Màámi ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. "Nígbà tí ọmọ mi yìí wà ní yunifásítì, ó kọ̀wé sí mi pé òun ń wá oko kan. Kò fi àmì sí i, kò fi nǹkan kan sí nídìí. Mo gbé ìwé náà lọ́wọ́. Ṣé ọkọ́ ni? Ọmọ yìí kò gbá ọkọ́ mú rí. Ṣé ọkọ ni? Ọkùnrin ni. Ṣé ọ̀kọ̀ ni? Ta ló fẹ́ gún? Mo mọ̀ pé ọkọ̀ ló ń wá, ó fẹ́ wálé. Ẹni tó kọ̀wé la máa ń wò kí á tó kà á. Ẹ lọ wo ilẹ̀ ọ̀nà yẹn. Bí ẹ bá bá irin níbẹ̀, ẹ kà á ní irin. Bí ó bá jẹ́ ojú ẹsẹ̀ ènìyàn lẹ bá, ẹ mọ bí ẹ ó ṣe kà á."

Onígbàjámọ̀ gbé ọwọ́ sókè láti orí ilẹ̀. "Ẹ má fi tèmi kún ìrìn o. Èmi, ìwọ́ ni mò ń wọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó ní bébà kì í fi ẹ̀rín parí ìpàdé. Alága ní kí ọ̀mọ̀wé wa, ìyẹn èmi, fọwọ́ ara rẹ̀ fi àmì tó tọ́ sí pátákó náà, pé àmì tí mo bá fi sí i ni ìlú yóò tẹ̀ lé. Títí n óò fi ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má tẹ ọ̀nà. Wọ́n fún mi ní agolo ọ̀dà funfun kan àti búrọ́ọ̀ṣì.

Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ti kéré tó. Ìlà méjì lórí I méjèèjì, màámi á rìn. Bí n kò bá fi nǹkan kan sí i, rélùwéè á máa bọ̀. Mo so agolo náà mọ́ káríà kẹ̀kẹ́, mo sì ń gbé e kiri fún ọjọ́ mẹ́rin. Mo lọ síbẹ̀ láàárọ̀, Ọ̀gá Stéṣàn wà nídìí pátákó. Ó kí mi, mo sì padà. Mo lọ nírọ̀lẹ́, ó ṣì wà níbẹ̀, ó ń nu fèrè. Mo ti fi odindi ìgbésí ayé mi rẹ́rìn-ín ẹni tó ń ṣe ju ara rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n n kò tíì di búrọ́ọ̀ṣì mú níwájú ọ̀kan nínú wọn rí láti fi yí ohun tó kọ padà. Màámi kò béèrè lọ́wọ́ mi. Ó ń rìn yí àgbàlá po.

Ní Ọjọ́bọ̀, akọ̀wé pósófíìsì na lẹ́tà sí mi. "Sà" ti padà sẹ́nu rẹ̀. Kí n wọṣẹ́ ní Ìbàdàn lọ́jọ́ Ajé. A jẹ́ pé lọ́rì àárọ̀ Sátidé ni n óò wọ̀. Mo sọ fún màámi. Ó ní, "Ó dára," ó sì béèrè bóyá mo ti jẹun.

Nígbà tí mo jí lọ́jọ́ Ẹtì, kò sí nílé. Ọ̀pá rẹ̀ kò sí lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo fò sórí kẹ̀kẹ́, agolo ọ̀dà ń lu káríà lẹ́yìn mi gbàgàgbàgà. Kò sí ẹnikẹ́ni nídìí pátákó. Mo kọjá ìrókò. Mo kọjá ìdajì ọ̀nà, ibi tí a kò kọjá rí. Ní kọ́nà lẹ́yìn rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí àsíá pupa.

Ọ̀gá Stéṣàn ló ṣíwájú, ó wọ fìlà, ó gbé àsíá sókè, ó gbé àpò màámi kọ́ èjìká. Màámi ń tẹ̀ lé e lórí ọ̀pá. Mo béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Òfin ni," ni Ọ̀gá Stéṣàn wí, kò wẹ̀yìn. "Bí ènìyàn bá máa rìn lójú irin, òṣìṣẹ́ rélùwéè gbọ́dọ̀ ṣíwájú rẹ̀ pẹ̀lú àsíá."

"Mo sọ fún un pé mò ń lọ," ni màámi wí, "kó fọn fèrè rẹ̀."

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ń ti kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé wọn. A rìn, a dúró, a tún rìn. Ibi tí màámi bá ti dúró mí, á béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Ọ̀gá Stéṣàn: kí ló dé tí ó fi yà níbí, ta ló gbẹ́ apá ibí yìí? Ọkùnrin náà ń dáhùn. Àpáta ló wà níhìn-ín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbẹ́ ibí yìí kí omi inú ìgò tó dúró láàárín. Ọ̀rọ̀ náà ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni pé ọdún mẹ́wàá ló ti ń dúró kí ẹnì kan béèrè. Èmi tí mo ti gun ọ̀nà náà lọ gùn ún bọ̀ bí ìgbà ọgọ́rùn-ún kò béèrè rí.

"Ó tẹ́jú," ni màámi wí. "Ẹsẹ̀ mi kò mọ̀ pé òkè la wà."

Ọ̀gá Stéṣàn tún fìlà rẹ̀ dé. Ó rìn díẹ̀ kó tó sọ pé, "Rélùwéè kì í gun òkè, ìyá."

Oòrùn ti ga nígbà tí a rí abà iṣu. Ẹ̀gbọ́n màámi jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó ń pa ẹ̀gúsí. Nígbà tó kù díẹ̀ kí a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó gbé etí sókè.

"Ẹsẹ̀ ta nìyẹn?" ló wí. "Ọ̀kan ń bọ̀, ọ̀kan ń ronú."

"Tèmi ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ̀gúsí ń bọ́ sílẹ̀ ní ìka ẹ̀gbọ́n náà. "Ọ̀nà wo lo gbà?"

"Ọ̀nà rélùwéè."

"Urin náà ti wá dé?"

Lẹ́nu ìran wa, urin ni irin, ùrìn sì ni ìrìn. Ẹ̀gbọ́n màámi kò mọ̀wé. Kò sí èyí tó lè ṣì gbọ́ nínú méjèèjì. Àwa tí a lọ sílé ẹ̀kọ́ nìkan ni ọ̀rọ̀ náà rú lójú.

"Ó ti dé," ni màámi wí. "Ó rọra wá ni."

Ó jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí ẹní, ẹ̀gbọ́n náà sì gbé ẹsẹ̀ òsì màámi lé itan ara rẹ̀, ó ń fọwọ́ wọ̀n ọ́n láti ìbàdí dé àtàǹpàkò. Ó ní, "Ta ló tún wà níbẹ̀ tó ń mí?"

"Ọ̀gá Stéṣàn."

"Ẹni tó gbẹ́ kòtò sẹ́yìn abà mi?"

"Òun ni."

"Kó wọlé wá jẹun. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá a láti bú u."

Ó jẹun, a sì bú u. Nígbà tó fẹ́ padà, ó tú agolo ọ̀dà kúrò lára káríà mi. Ó ní, "Ìwọ ń lọ lọ́la. Ọwọ́ rẹ dí." N kò bá a jiyàn.

Màámi sùn síbẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, lọ́rì dúró lẹ́yìn ọjà kí a tó gbéra, mo sì yọrí láti wo pátákó náà. Ìlà funfun méjì tuntun wà lórí I méjèèjì, ọ̀dà náà kò tíì gbẹ. Ṣùgbọ́n òdì ni Ọ̀gá Stéṣàn fà wọ́n sí. Dípò kí wọ́n tẹ̀ sí ìsàlẹ̀, òkè ni wọ́n ń gùn: írín. Kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Èkìtì. Ọ̀gá Stéṣàn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀dà kán sí etí fìlà rẹ̀. Onígbàjámọ̀ ń ti ara rẹ̀ bọ̀ lórí táyà mẹ́rin, Ọ̀gá Stéṣàn sì ṣí àsíá aláwọ̀ ewé fún un pé kó máa kọjá.

Mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ tún un ṣe. Mo tilẹ̀ ti gbé ẹsẹ̀ kan kọjá ẹ̀gbẹ́ lọ́rì. Lẹ́yìn náà mo gbé e padà.